Mo Gbé Ikọ́ Mi Lọ Sínú Òtútù Ẹ̀fọ̀n

Bí wọ́n bá ti sọ fún ọ nílé ìwòsàn pé ikọ́ ife ló wà lára rẹ, jókòó kí o ka èyí ná, kí àwọn olùgbani-nímọ̀ràn tó dé. Wọ́n ń bọ̀. Ọ̀kan á gbé àgbo wá, ọ̀kan á gbé omi àdúrà wá, ẹnì kan á sì wá sọ ibi tí wọn yóò gbé ọ pamọ́ sí. Mo mọ gbogbo wọn dáadáa. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni lè káàánú mi. Wọ́n ṣẹ̀ mí, inú sì ń bí mi títí di òní, ṣùgbọ́n mo wà láàyè láti bínú. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mú dání nìyẹn.

Olùkọ́ ni mí. Mo gboyè jáde ní yunifásítì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó-Èkìtì. Àwọn ológun ló ṣì ń ṣèjọba nígbà náà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Òndó sì ni gbogbo Èkìtì wà. Ẹ̀yìn Ọjà Ọba ni ilé wa, èmi àti ọmọ mi Bọ́sẹ̀, àti ìyá ọkọ mi tí a ń pè ní Màmá. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ta ni kì í wúkọ́ nígbà ọyẹ́? Ọyẹ́ lọ, eruku rọlẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ dé, ikọ́ gbogbo èèyàn lọ, tèmi ò lọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ara mi á máa gbóná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí mo bá jí láàárọ̀, aṣọ tí mo fi sùn á ti tutù rin, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́. Ìró tí mò ń ró tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí mi po títí tí mi ò fi mọ ibi tí n ó ki etí rẹ̀ sí. Obìnrin tí mo ti ń raṣu lọ́wọ́ rẹ̀ wò mí lọ́jọ́ kan láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ṣé o kì í jẹ iṣu tí o ń rà ni, àbí ńṣe lo ń tà á?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló tún fa ikọ́.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ gba oògùn, ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ ò fi nǹkan kan kan àyà mi. Ó béèrè iṣẹ́ mi, mo ní tíṣà ni mí. Ó ní, "Ẹfun tí ẹ fi ń kọ̀wé ni," ó fún mi ní ìgò oògùn ikọ́ kan. Nígbà tó tán mo padà lọ, ó tún fún mi ní òmíràn, ó ní kí n máa fi aṣọ di imú bí mo bá ń nu pátákó. Mo gbà á gbọ́, torí ó jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ nǹkan. Kọ èyí sílẹ̀: bí ikọ́ bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, má gba ìgò kankan lọ́wọ́ ẹni tí kò ní kí o tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ sílẹ̀ kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Orísun odò kan ni mò ń yà sára pátákó lọ́jọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀. Mo wúkọ́ sínú áńkáṣífù, mo wò ó, mo ká a, mo fi í sínú báàgì, mo sì ya odò náà dé òkun kí aago tó lù. Àwọn ọmọ náà ò mọ̀. Mi ò dé yàrá àwọn olùkọ́, mo jókòó sórí àkàsọ̀.

Ilé ìwòsàn ńlá tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi, wọ́n ní kí n padà wá gbọ́ èsì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn èèyàn ti ń dé síbẹ̀, bàtà ni wọ́n sì máa ń tò sílẹ̀ láti fi gba ààyè, kí olúwarẹ̀ lè lọ fẹ̀yìn ti ògiri. Bàtà mi náà wà láàárín bàtà. Ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n jókòó tì mí, a ń jẹ ẹ̀pà sísun tó mú wá nínú bébà, a sì ń sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ńlá. Akọ̀wé tó ń pín káàdì wá yọ orí lójú fèrèsé, ó fi ohùn tí wọ́n fi ń ta ọjà pè: "Àwọn oníkọ́ ife, ẹ bọ́ sẹ́yìn ilé. Ẹ má ṣe dara pọ̀ mọ́ èèyàn." Ó wá pe orúkọ mi, orúkọ àbísọ àti ti bàbá mi, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe dìde báyìí, ìyá náà fa ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì da ẹ̀pà tó kù nù sílẹ̀. Kò wò mí lójú. Òbí méjì wà níbẹ̀ tí mò ń kọ́ ọmọ wọn. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, Adó ti gbọ́.

Dókítà tó rí mi, ọmọdékùnrin ni, ṣùgbọ́n òun nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Wọ́n ti ya fọ́tò àyà mi. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka hàn mí níbi tí àìsàn ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró mi lápá òkè. Ó ní, "Àìsàn yìí máa ń lọ. Abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù méjì ó lé, oògùn mímu fún ọdún kan àbọ̀. Ọjọ́ tí ara yín bá yá ni ẹ máa fẹ́ pa á tì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ má pa á tì. Ẹ jẹun dáadáa. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé yín máa wà ní ṣíṣí."

Fèrèsé yìí ni ìjà gbà wọlé wa.

Ẹ̀yin náà mọ bí àwa ṣe mọ ikọ́ sí. Òtútù ló ń fà á. Ta ni wọn ò sọ fún láti kékeré? Má wẹ̀ lálẹ́, má mu omi àmù, má jókòó sójú afẹ́fẹ́. Torí náà, ifẹ́ ni Màmá fi ṣe ohun tó ṣe, mo sì ń sọ ọ́ kí ẹ mọ̀ pé ifẹ́ lè pani. Ó fi àkísà di gbogbo ihò ara fèrèsé mi, ó ní kí káfíńtà kan pákó mọ́ ọn. Ó gbé ìkòkò ẹyín iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi súwẹ́tà méjì wọ̀ mí, ó fi ìborùn dì mí lọ́rùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó tì mí nínú èéfín yẹn látàárọ̀ dalẹ́, ó ń kọrin, ó ń fún mi ní àgbo gbígbóná. Bọ́sẹ̀ nìkan ni kò gbọ́dọ̀ wọlé.

Mo ní, "Màmá, dókítà ní kí a ṣí fèrèsé."

"Dókítà ọ̀hún, ṣé ó ti níyàwó?"

"Mi ò bi í."

"Ọmọdé ni. Òtútù mú èèyàn títí ó fi kó ukọ́, ó tún ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún un kó wá bá a lórí ẹní."

"Kòkòrò ló ń fà á, Màmá. Kòkòrò tí ojú ò lè rí."

"Mo gbọ́. Kòkòrò náà, kí ló gbé e wá? Òtútù."

Ẹ bá a jà lórí ìyẹn. Èmi ò lè bá a jà, ikọ́ ò jẹ́ kí n parí gbólóhùn. Aládùúrà ni Màmá. Àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ wá pẹ̀lú àbẹ́là àti omi, wọ́n gbàdúrà tó dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí n dá abẹ́rẹ́ dúró títí ààwẹ̀ yóò fi parí, mo ní rárá. Ọ̀kan nínú wọn ní ìgbàgbọ́ mi kéré. Mo ní ó kéré lóòótọ́, ìdí tí mi ò fi lè ṣàdánù ẹ̀dọ̀fóró mọ́ ọn nìyẹn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tèmi, tí kì í ṣe ti Aládùúrà, wọ́n rán bàbá ìjọ kan sí mi pé kí n má wá síbi tábìlì Olúwa mọ́, nítorí ago kan náà ni gbogbo wa ń mu. Bí wọ́n bá bi mí, èmi fúnra mi ni ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò bi mí. Nílé ẹ̀kọ́, ọ̀gá ní kí n lọ sinmi nílé. Ọjọ́ tí mo lọ kó ẹrù mi, mo bá àga mi níta nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ́, wọ́n ti fọ́ ife tí mo fi ń mu tíì sórí rẹ̀. Mo béèrè ẹni tó ṣe é. Olùkọ́ mọ́kànlá ló wà nínú yàrá yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Bọ̀ọ̀dá Sámúẹ́lì, pe ìpàdé ẹbí sí pálọ̀ wa. Òun ni olórí ẹbí láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Wọ́n fi mí jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó tún ọ̀fun ṣe, ó ní gbogbo wọn ti rò ó, wọ́n sì ti rí i pé ahéré tó wà nínú oko kòkó wọn lójú ọ̀nà Ìyìn ló máa dára fún mi. "Ibẹ̀ móoru," ó ní. "Igi yí i ká, atẹ́gùn kì í wọbẹ̀. Ojú èèyàn ò sì pọ̀ níbẹ̀."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni wọ́n pe ìpàdé sí.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ńkọ́?"

"A ó máa fi kẹ̀kẹ́ gbé ọ wá gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Ojoojúmọ́ ni mo wí."

"Ìyàwó, ìwé ti pọ̀ jù lórí rẹ. Ara tó gbóná dáadáa, abẹ́rẹ́ mélòó ló nílò?"

Mo wá bi wọ́n léèrè ohun tí gbogbo ilé mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Mo ní, "Àbúrò bàbá yín obìnrin tó ń wúkọ́ níjọ́sí, tí ẹ gbé lọ sí ahéré yẹn náà, ìgbà wo ló padà dé?"

Ọkọ mi ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́ tó fi jẹ́ pé èmi náà wò ó, bóyá nǹkan wà níbẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Mo dìde. Mo ní, "N ó lọ, torí mi ò lè gbé inú èéfín mọ́, mi ò sì fẹ́ kó ran ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó yan ibi tí mò ń lọ."

Bọ̀ọ̀dá ní, "Ibo?"

Nígbà tó béèrè, mi ò tíì mọ̀. Iṣẹ́ mi ló ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní bí òkè ṣe tò láti Òkèmẹ̀sí dé Ẹ̀fọ̀n mọ ibi tí atẹ́gùn gbé ń fẹ́. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn nìkan kò tó, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi atẹ́gùn tàn ọ́ lọ síbi tí oògùn ò sí. Ohun tí mò ń wá rèé: nọ́ọ̀sì tí yóò máa fún mi lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, títí kan Sọ́ńdè, níbi tí ẹsẹ̀ mi lè gbé mi dé, yàrá tó ní fèrèsé gidi, ọjà tí mo ti lè rí ẹyin àti ẹ̀wà, àti onílé tí yóò gbọ́ orúkọ àìsàn náà lẹ́nu èmi fúnra mi. Mo ti pinnu pé mi ò ní fi pamọ́. Ohun tí o bá fi pamọ́ ni wọ́n fi ń lé ọ jáde.

Ìlú àkọ́kọ́ tí mo lọ wò, yàrá wà, onílé rẹ́rìn-ín sí mi, ó fún mi lómi. Bí mo ṣe dárúkọ ikọ́, ó rántí pé àbúrò òun kan ń bọ̀ láti Kánò. Mo bi í pé ìgbà wo ni àbúrò náà ń bọ̀. Ó ní, "Ó ti wà lọ́nà." Ní ìlú kejì, onílé gbà, ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú wọn a máa tì láti Fúráìdè di Mọ́ńdè. Mo dúpẹ́, mo padà.

Ẹ̀fọ̀n ló ṣìkẹta. Ibùdókọ̀ Fájuyì ní Adó ni mo ti wọkọ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí gbọ́ ibi tí mò ń lọ, ó ní, "Ṣé ẹ mú aṣọ dání? Ìkùukùu ibẹ̀ kì í kanlẹ̀kùn, ńṣe ló ń wọlé bá èèyàn jókòó sídìí ọbẹ̀." A kọjá Ìyìn, a kọjá Àrámọkọ, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, etí mi dí, ó là. Mo fi orí sí fèrèsé ọkọ̀, mo mí. Mi ò sọ pé ó wò mí sàn. Mo ní mo mí, láìsí èéfín níbẹ̀.

Ilé ìtọ́jú ni mo kọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó ń jẹ bọ̀ọ̀lì, ka ìwé tí dókítà kọ, ó ní, "Ilé mi wà lẹ́yìn ibí. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ wá kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ ò bá wá, màá wá yín wá, ẹnu mi ò sì dára."

Ó júwe ilé kan fún mi lẹ́bàá òkè, ilé àgbẹ̀ àgbà kan àti ìyàwó rẹ̀. Bàbá onílé ń fọ́ kòkó nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ní, "Yàrá ni mò ń wá, Bàbá. Ikọ́ ife ń ṣe mí, mò ń gba abẹ́rẹ́ sí i. Fèrèsé mi á máa wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru."

Ó gbé àdá sílẹ̀. "Ṣé olè lo ń retí ni?"

"Atẹ́gùn ni, Bàbá."

"Atẹ́gùn pọ̀ níbí, a kì í gbowó rẹ̀." Ó wò mí dáadáa. "Ta ló rán ọ wá?"

"Èmi ni mo rán ara mi."

Ó ké sí ìyàwó rẹ̀. Ìyá náà jáde, ó nu ọwọ́, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi látìbẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rù, kò sì ṣàánú, ìbéèrè ló ń bi mí. Ṣé n ó máa tutọ́ kiri àgbàlá òun? Mo ní mo ní agolo onídérí, iná ni mo máa ń da ohun inú rẹ̀ sí. Àwo mi ńkọ́? Mo ní mo kó tèmi dání. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó gbé yàrá yẹn kẹ́yìn wúkọ́ títí ó fi lọ, ó ní ọyẹ́ ni. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n gba ẹni tó mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é."

Bí mo ṣe padà dé Adó tí mo dárúkọ Ẹ̀fọ̀n, ilé dàrú. Bọ̀ọ̀dá Sámúẹ́lì ní, "Ẹ gbọ́ ná. Ikọ́ ń pa á, ó ń lọ fara sínú òtútù Ẹ̀fọ̀n. Àwọn èèyàn á ní àwa la lé e síbẹ̀ kó lọ kú." Mo ní bí mo bá kú, kí wọ́n sọ fún gbogbo ayé pé èmi ni mo mú ara mi lọ. Màmá kó gbogbo kíjìpá tó ní sínú ẹrù mi, ó ń sunkún, ó ń kó o. Ọkọ mi gbé àpótí mi dé Fájuyì. Kí ọkọ̀ tó gbéra ó ní, "Ṣé wàá padà?" Mo ní, "Ìwọ lo mọ ibi tí mo wà." Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó wá. Ó máa ń fowó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n owó kì í jókòó ti èèyàn. Nígbà tí kò tó, mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mò ń sọ ọ́ nítorí ó ṣẹlẹ̀.

Má rò pé orí òkè dùn. Òtútù ibẹ̀ ń wọ eegun. Oògùn oníyẹ̀fun tí mò ń mu korò débi pé mo máa ń dì mọ́ òpó kí n má bàa bì í. Abẹ́rẹ́ sọ ìdí mi di líle bí àgbọn, mò ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó. Etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó yee, nọ́ọ̀sì sì kọ̀wé sí dókítà, wọ́n dín abẹ́rẹ́ náà kù. Bí etí rẹ bá ń hó, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, má ṣe jẹ́ akin.

Àwọn kan ò kí mi ládùúgbò. Obìnrin tí mo ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà gba owó mi, ó sì ju ṣénjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún mi. Mi ò bẹ̀rẹ̀. Mo na ọwọ́.

Ó ní, "Ṣénjì yín rèé nílẹ̀."

Mo ní, "Ọwọ́ mi rèé lókè."

Oòrùn ń pa wá. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà yìí, orí yín le." Mo ní, "Ó le, òun ni mo fi ṣì wà." Ó bẹ̀rẹ̀, ó he é, ó fi sí mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹyin tó tóbi ló máa ń ṣà fún mi, ó sì máa ń bú mi bí mo bá pẹ́.

Nígbà òjò, ibà mú mi balẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó ròyìn délé pé mò ń kú lọ. Bọ̀ọ̀dá Sámúẹ́lì gbé ọkọ̀ wá pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Ahéré ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Bàbá onílé dúró sẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ìyàwó wa la wá gbé," Bọ̀ọ̀dá ní.

Bàbá yíjú sí mi. "Ṣé o ń lọ?"

"Mi ò lọ."

"Ó ní òun ò lọ."

"Bàbá, ìyàwó ilé wa ni."

"Mo gbọ́. Níbí, èmi ni mo gbà á lálejò. Bí àlejò bá ní òun ò lọ, ta ni yóò gbé e gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá?"

Bí wọ́n ṣe ń wo ara wọn báyìí ni nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀, òjò ti pa á. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, ẹ bọ́ síta, ìdí obìnrin ni mo fẹ́ rí." Wọ́n bọ́ síta sínú òjò. Wọ́n dúró fún ìgbà díẹ̀, mo sì gbọ́ tí ọkọ̀ gbéra. Ibà náà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Mi ò pàdánù abẹ́rẹ́ kan.

Ara mi ti ń padà bọ̀ sípò, ìró mi ti rí ibi tó ń ki etí sí, nígbà tí ọkọ mi wá láìròtẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò dá wá. Màmá ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Mo rí ọrùn rẹ̀, mo rí eegun èjìká rẹ̀. Kò tíì kí mi tán tó fi wúkọ́. Mo mọ ikọ́ náà, mo ti bá a gbé.

Inú yàrá tí wọ́n kan pákó mọ́ fèrèsé rẹ̀ yẹn ni ó ti kó o, nígbà tó jókòó tì mí, tó ń kọrin fún mi. Lára mi ló ti kó o. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé ọ̀hún ni, bóyá kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí n ó bínú sí lọ́jọ́ náà, mo sì wá ẹni náà títí.

Mo fa ọkọ mi sẹ́yìn ilé. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá ńkọ́? Ahéré ńkọ́? Ṣé kò móoru mọ́ ni?"

Ó ní, "Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ ni. Ta ló dárúkọ ahéré nígbà tó di ti ìyá yín?"

Ó wá ní, "Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo wá lọ tẹ́ ẹní fún ìyá rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló ń fún Màmá náà lábẹ́rẹ́. Bíbú tó ń bú u pọ̀ ju tèmi lọ, torí Màmá máa ń fi oògùn oníyẹ̀fun pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Ó ṣì ń sọ pé òtútù ló fà á. Bí àárọ̀ bá tutù, á dì bí ẹrù, ojú nìkan ló máa ń hàn, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ ó pa mí síbí." Mo máa ń ní, "Ẹ mu oògùn yín, Màmá, kí ẹ lè rójú pa mí padà." Mi ò tíì dárí ji ẹbí yẹn. Màmá náà ò tíì gbà pé fèrèsé ṣe nǹkan kan. Abẹ́ òrùlé kan náà ni à ń gbé, a sì ń yè.

Mo parí oògùn tèmi. Dókítà tún ya fọ́tò àyà mi, ó ní àpá wà níbẹ̀ tí kò ní parẹ́, ṣùgbọ́n àìsàn ti lọ. Bọ́sẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní kí n padà sí Adó, pé àwọn èèyàn ti gbàgbé. Èmi ò gbàgbé. Mo bẹ ìjọba títí wọ́n fi gbé iṣẹ́ mi wá sí Ẹ̀fọ̀n, ọkọ mi sì ń gun òkè wá bá wa ní ìparí ọ̀sẹ̀. Bí ó bá wù ú láti jókòó, yàrá wà.

Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ àìsàn yìí, kì í ṣe òkè ló wò mí, oògùn ni. Òkè kàn jẹ́ ibi tí mo ti rí àyè mu ún. Wá ibi tìrẹ, ìbáà jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Má jẹ́ kí ìtìjú ẹlòmíràn yan án fún ọ.

Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí wà lórí gegele kan. Ẹ̀dọ̀fóró mi ò pé bí ti tẹ́lẹ̀, mi ò lè gùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárọ̀ àná mo dúró lágbedeméjì, mo gbé ọwọ́ lé ìbàdí, mò ń mí. Obìnrin kan tó ru igi ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti ń padà sílé ni?"

Mo ní, "Mo dúró ni, mi ò padà."